Ìwádìí Tí Bàbá Lọ Ṣe ní Àgọ́-Òkun

Lọ́jọ́ tí a sin bàbá mi àgbà, ọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí gba maikirofóònù, ó ní olóògbé jẹ́ oníwà pẹ̀lẹ́ tí kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Mo yíjú wo Alhaji. Alhaji ló ni ilé tó kángun sí tiwa ní Sùúrùlérè, àwọn àti Bàbá sì ti ń jà lórí àkàbà kan láti ìgbà tí mi ò tíì délé ayé. Bàbá ní Alhaji yá àkàbà náà ni, Alhaji ní Bàbá fi ta àwọn lọ́rẹ ni. Ẹkún ni Alhaji ń sun tẹ́lẹ̀ o, àmọ́ bí wọ́n ṣe gbọ́ "oníwà pẹ̀lẹ́", wọ́n gbé orí sókè, wọ́n fi etí agbádá nu ojú, wọ́n rọra bi mí pé, "Àjọkẹ́, ta là ń sin gan-an?"

Ìbéèrè yẹn ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọdún tí a bí Bàbá, kó lọ bi àwọn ẹbí ní Ògbómọ̀ṣọ́; àwọn náà ò tíì fẹnu kò. Irú èèyàn tí wọ́n jẹ́ ni mo fẹ́ sọ. Aláròyé ni Bàbá, alágídí ni wọ́n, wọ́n sì máa ń wo èèyàn bíi pé wọ́n fẹ́ tú u palẹ̀ kí wọ́n tún un tò. Mo fẹ́ràn wọn ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Aago ni Bàbá ń tún ṣe. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Mushin tí kò ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ, pẹ̀lú awò kékeré lójú kan, tí àwọn aago ara ògiri ń dún lókè orí wọn, kálukú pẹ̀lú àkókò tirẹ̀. Nígbà tí fóònù dé tí àwọn èèyàn ò wọ aago mọ́, Bàbá ti ṣọ́ọ̀bù pa, wọ́n wá sọ gbogbo ẹbí di oníbàárà. Tí Bàbá bá ní kí o wá láago méjì, tí o wá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ́, wọn ò ní bá ẹ jà. Wọ́n á dìde, wọ́n á na ọwọ́ méjèèjì sí ẹ bíi pé òkè òkun lo ti dé, wọ́n á ní, "O kú ọjọ́ mẹ́ta!" Wọ́n á tún béèrè bóyá àwọn tó o fi sílẹ̀ lọ́hùn-ún ń ṣe dáadáa. Màámi, ọmọ wọn tó bí mi, ti dàgbà tó ẹni tó ń ní ọmọ-ọmọ, síbẹ̀ tí wọ́n bá pẹ́ lọ́jà Tẹ́júoṣó, ńṣe ni wọ́n máa ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà kí Bàbá má bàa gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Asán ló máa ń já sí. Wọn ò ní tíì kan ilẹ̀kùn tí ohùn á fi jáde láti pálọ̀: "O kú ọjọ́ mẹ́ta, Ìyá Àjọkẹ́! Ìrìn àjò ńkọ́?"

Ṣọ́ọ̀ṣì gan-an ò bọ́. Tí ìwàásù bá ti gùn jù, Bàbá á gbé aago ọwọ́ wọn sétí, wọ́n á mì í, wọ́n á tún gbé e sétí, títí pásítọ̀ á fi rí i. Lọ́jọ́ kan, pásítọ̀ sọ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà pé, "Bàbá, Ọlọ́run kì í kánjú." Bàbá fara balẹ̀ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Òótọ́ ni," wọ́n ní, "àmọ́ kì í pẹ́ náà."

Síbẹ̀, kì í ṣe aago ni ẹbí fi mọ̀ wọ́n jù. Ìwádìí ni. Ẹ ṣáà mọ àṣà wa: kí ọmọ tó wọlé ọkọ tàbí kó gbé ìyàwó, a máa ń rán ẹni tó lójú inú lọ sí àdúgbò àwọn àna, kó lọ fimú fínlẹ̀. Ṣé olè ni wọ́n? Ṣé wèrè wà nínú ẹbí? Ṣé wọ́n máa ń na ìyàwó? Nínú ẹbí tiwa, Bàbá ni à ń rán, wọ́n sì ní òfin tiwọn. Ẹnì kan kì í dá lọ, torí ohun tí ojú kan bá fò, ojú kejì lè rí i. A kì í fi ọmọ fún ẹni tí a ò tíì rí ìbínú rẹ̀, torí kò sẹ́ni tí kì í ṣe èèyàn dáadáa nígbà tí inú rẹ̀ bá dùn. Èyí tó le jù ni ti oúnjẹ. A kì í jẹun lọ́dọ̀ ẹni tí à ń wádìí. Ọjọ́ tí o bá jẹun wọn, ìwádìí ti parí nìyẹn, o ti gbà fún wọn. Àwọn àna lè gbé iyán àti ẹran ìgbẹ́ síwájú Bàbá, wọ́n á ní, "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni." Ebi á wá máa hàn wọ́n léèmọ̀ bọ̀ láti Abẹ́òkúta. Tí a bá fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní, "Ẹnu tó ti jẹ ẹja wọn ò lè sọ òdodo nípa wọn mọ́."

Ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí bàbá tó bí mi ni a máa ń sọ jù nílé. Bàbá mú ẹni kejì lọ sí àdúgbò wọn ní Ọtọ́, wọ́n mú aago kan tó ti kú dání bí ẹni tó ń wá oníbàárà. Níta ni wọ́n ti rí bàbá tó bí bàbá mi, tí òun àti ewúrẹ́ kan jọ ń fa ṣòkòtò tí a sá sórí okùn. Ewúrẹ́ borí. Ọkùnrin náà fìdí jókòó sílẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí ewúrẹ́ máa mú un lọ, ó ṣe tán ó ti gbó. Bàbá ò béèrè ọ̀rọ̀ kankan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Wọ́n wọlé, wọ́n ní ebi ń pa àwọn, wọ́n jẹ ẹ̀bà kan tán, wọ́n gba Sùúrùlérè lọ. Màámi ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọkàn wọn ò balẹ̀. Bàbá ní, "Ilé tí ewúrẹ́ ti ń borí baálé, ìyà ò lè jẹ ọmọ wa níbẹ̀."

Yábàá ni mò ń gbé nígbà tí ọ̀rọ̀ kàn mí. Yàrá kan ni mo háyà lẹ́yìn Tẹ́júoṣó, jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò ló yí fèrèsé mi ká, tí èyí bá dákẹ́ ìyẹn á gbà á. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, irú èyí tí ọ̀gá mi ò bìkítà ibi tí mo jókòó sí, bí iṣẹ́ bá ṣáà ti ń jáde. Nígbà ìsinmi kan, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi lọ sí Àgọ́-Òkun, ìlú kékeré kan lẹ́yìn ọ̀sà lọ́nà Badagry, tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń dé ibẹ̀. Igi àgbọn ló wà níbẹ̀, àti iyanrìn, àti àwọn ọ̀dọ́ tó ń dúró lórí pátákó gun ìgbì òkun láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Ẹnikẹ́ni ò sáré. Ajá ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbó, á dé ìdajì, á rò ó pé kí lèrè ẹ̀, á dákẹ́. Ọ̀dọ̀ Màmá Sẹ̀nàmi la sùn, opó kan tó ń yan ẹja tó sì ń háyà yàrá fún àlejò, mo sì sun oorun tí mi ò sun irú rẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọwọ́. Nígbà tí a ń lọ, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá mi fi yàrá tó kọjú sí òkun sílẹ̀, pé mò ń bọ̀ wá gbé.

Ìgbà tí mo sọ ọ́ nílé, Màámi gbé ọwọ́ lérí.

"Létí òkun? Ta lo mọ̀ létí òkun? A rán ẹ níwèé tán, o fẹ́ lọ máa bá àwọn tó ń gun pákó gbé!"

"Màámi, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà níbẹ̀."

"Ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló bí ẹ ni?"

Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ èyí tó so mí lọ́wọ́: "Tí Bàbá bá ní kí o lọ, máa lọ. Tí Bàbá ò bá tíì sọ, o ò lọ síbì kankan." Kò sẹ́ni tó kọjá ọ̀rọ̀ Bàbá rí nínú ilé wa, ojú ti èmi náà láti jẹ́ ẹni àkọ́kọ́. Gbogbo wa yíjú sí wọn. Bàbá wo aago ọwọ́ wọn bíi pé ìdáhùn wà nínú ẹ̀. "Ìlú tí èèyàn fẹ́ máa bá gbé, ọkọ ni," wọ́n ní. "Ta ló ti wádìí ẹ̀?"

Ẹ rántí pé ẹnì kan kì í dá lọ. Ẹni tí Bàbá mú ni Alhaji. Ẹnu yà wá, torí ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n pariwo mọ́ra wọn lórí àkàbà títí tí àwọn aládùúgbò fi jáde. Bàbá ní ìdí tí àwọn fi mú wọn nìyẹn. "Ohun tó dáa ni ọ̀rẹ́ á máa rí. Alhaji ti ń wá àléébù mi látọjọ́ yìí, ó ti mọ́ ọn lára." Mo bẹ̀ wọ́n pé kí n tẹ̀lé wọn, wọ́n ní ìyàwó kì í bá wọn lọ wádìí ọkọ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Alhaji tó ròyìn fún mi lẹ́nu géètì wa, iyanrìn ṣì wà nínú irùngbọ̀n wọn.

"Bàbá ẹ dójú tì mí," báyìí ni Alhaji ṣe bẹ̀rẹ̀. "Ní èbúté, ó ní kí awakọ̀ sọ fún òun aago tí ọkọ̀ máa gbéra. Awakọ̀ ní tó bá kún. Ó ní ìgbà wo ló máa kún? Awakọ̀ ní tí èèyàn bá wọ̀ ọ́. Ọlọ́run, mo rò pé Bàbá ẹ máa dákú ni! Ó jókòó ti aago ẹ̀ títí ọkọ̀ fi kún."

Nígbà tí wọ́n dé ọ̀hún, Bàbá lọ bá Màmá Sẹ̀nàmi nídìí ẹja. Wọ́n kí wọn dáadáa, wọ́n béèrè ọmọ, lẹ́yìn náà ni wọ́n bọ́ sórí iṣẹ́.

"Àìsàn wo ló wọ́pọ̀ nílùú yín?"

"Ọ̀lẹ ni, Bàbá."

"Ọ̀lẹ kì í ṣe àìsàn."

"Níbí yìí, àìsàn ni. Ó ń ràn. Àlejò ló tètè máa ń mú."

Bàbá sún ìjókòó wọn sẹ́yìn díẹ̀. Wọ́n tún pe Ṣẹ́gun, ọ̀dọ́kùnrin tó ń kọ́ àwọn àlejò bí a ṣe ń gun ìgbì, wọ́n bi í pé níbo ni ìgbì náà ń gbé e lọ. Ṣẹ́gun ní ó ń gbé òun padà sí etí omi. Bàbá ní, ṣebí etí omi náà lo ti kúrò? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. "Lẹ́yìn náà ńkọ́?" "Màá tún padà lọ ni, Bàbá."

Màmá Sẹ̀nàmi wá gbé ẹja yíyan àti gààrí síwájú wọn. Bàbá ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni. Ní ti Alhaji, wọ́n ti jẹ ẹja kan, wọ́n ti mú èkejì, kí Bàbá tó tẹ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀. Wọ́n ṣì ń bú ìlú náà fún mi bí wọ́n ṣe ń ròyìn: iyanrìn wọ etí àwọn, ewúrẹ́ fẹ́ jẹ agbádá àwọn, ìdí igi àgbọn kan ṣoṣo ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára, ìrun ọ̀sán gan-an, lààdánì ò tètè pè é. Bàbá yọjú láti inú ilé. "Má dá a lóhùn, ó ti jẹun wọn, ó ti gbà," wọ́n ní. Alhaji bínú lọ. Mo béèrè lọ́wọ́ Bàbá pé ibo lọ̀rọ̀ wá dé. "Alhaji ò fẹ́ràn ibẹ̀," wọ́n ní. "Ìyẹn kan ti dáa."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ máa tán láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Irọ́ ni. Gbogbo Satidé ni Bàbá ń gbé agbòòrùn gba ọ̀nà Badagry lọ. Wọ́n á padà ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á ti dúdú sí i, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín sí ohun tí kò sẹ́ni tó sọ. Tí mo bá béèrè èsì, wọ́n á ní ìwádìí ò tíì parí. Ara bẹ̀rẹ̀ sí í fu Màámi.

"Opó yẹn ni," wọ́n ní. "Irú obìnrin wo ni?"

"Màámi, ẹja ni wọ́n ń yan."

"Ẹja náà ni gbogbo wọn fi ń bẹ̀rẹ̀! Lọ wò wọ́n wá fún mi."

Bí mo ṣe di ẹni tó lọ wádìí ẹni tó ń ṣèwádìí nìyẹn. Àsìkò òjò ni. Etí omi ni mo ti bá Bàbá, wọ́n ká ṣòkòtò dé orúnkún, wọ́n ń bá Ṣẹ́gun jiyàn. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, òkun ń hó, kò sí pátákó kankan lórí omi. Ṣẹ́gun ń bẹ̀ wọ́n: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sẹ́yìn. Inú ń bí òkun lónìí." Bàbá ní, "Ohun tí mo wá wò gan-an nìyẹn." Kí n tó ké, ìgbì ti dé. Kò gbé wọn lọ o. Ó kàn gbá wọn jókòó sórí iyanrìn ni, ó ṣí fìlà abetí ajá wọn lórí, ó sì gbé e lọ. Èmi àti Ṣẹ́gun sáré fà wọ́n dìde. Mò ń sunkún, mò ń bínú, mò ń gbọn iyanrìn lára wọn. Bàbá ò wò mí rárá. Òkun ni wọ́n kọjú sí, omi ń kán tótó ní àgbọ̀n wọn. "O ṣeun," wọ́n sọ fún un. "Mo ti rí ẹ."

A ò tíì rìn jìnnà tí ìgbì mìíràn fi ju fìlà náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ojú omi kan. Bàbá gbé e, wọ́n gbọn iyanrìn inú rẹ̀, wọ́n sì dé e bó ṣe tutù yẹn. Mo ní kí wọ́n bọ́ ọ kí òtútù má mú wọn, wọn ò gbọ́. Wọ́n ń wo fìlà àti òkun bí adájọ́. "Ó bínú, ó gba fìlà mi. Ìbínú ẹ̀ rọ̀, ó dá a padà," wọ́n ní. "Àkàbà mi ńkọ́?"

Omi wọ aago ọwọ́ wọn lọ́jọ́ náà, ó dúró. Mo rò pé wọn ò ní tíì bọ́ aṣọ tútù tí wọ́n á fi tú u. Ẹni tí kì í jẹ́ kí aago ará àdúgbò fi ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn! Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, òmíràn tẹ̀lé e, aago ṣì wà lọ́wọ́ wọn, kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn.

"Bàbá, aago yín ti kú," mo ní.

"Kò kú. Ó ń sinmi."

Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ tí mo máa ń wá jẹun lọ́dọ̀ wọn láti Yábàá. Sùúrù mi tán. Mo ní, "Bàbá, ẹ ti mú ẹni kejì lọ. Ẹ ti rí ìbínú òkun. Kí ló tún kù? Màmá Sẹ̀nàmi ò lè máa fi yàrá dè mí títí ayé." Bàbá ń bó ọsàn. Wọ́n bó o tán, wọ́n là á sí méjì, wọ́n fún mi ní èyí tó tóbi. "Ṣé o ń kánjú ni?" wọ́n ní. Mo wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ló sọ̀rọ̀.

Àsìkò ọyẹ́ ni Bàbá lọ, lójú oorun, lórí bẹ́ẹ̀dì wọn ní Sùúrùlérè, aago tó ń sinmi náà wà lọ́wọ́ wọn. Ó dùn mí gan-an. Ó ṣì ń dùn mí. Lẹ́yìn ìsìnkú, tí mo bá pẹ́ dé ibikíbi, màá dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, màá máa retí ohùn yẹn láti pálọ̀. Mi ò ní gbọ́ nǹkan kan, màá wọlé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, a jí bá àkàbà lára ògiri wa. Ó ti gbó, àtẹ̀gùn rẹ̀ kan ti kán. Mo gbé e padà fún Alhaji, mo ní kí wọ́n máa lò ó, pé ìjà ti parí. Wọ́n kọ̀ ọ́. Wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà wọn, ojú wọn pọ́n. "Gbé e sílé yín," wọ́n ní. "Ta ni kí n máa bá jà lé e lórí?"

Ọ̀rọ̀ tèmi wá ńkọ́? Màámi ò jẹ́ kó pẹ́. Wọ́n ní Bàbá ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n tó lọ, nítorí náà ọ̀rọ̀ Àgọ́-Òkun ti bá wọn lọ nìyẹn. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ fìyà jẹ mí. Ilé ti pa rọ́rọ́ fún wọn, èmi nìkan ló sì wà nítòsí. Mi ò lè jiyàn. Mo gbéra ní Satidé láti lọ sọ fún Màmá Sẹ̀nàmi pé kí wọ́n gbé yàrá náà fún ẹlòmíràn.

Ìròyìn ikú Bàbá ti ṣáájú mi débẹ̀, àmọ́ ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni bí wọ́n ṣe ń kí mi. Awakọ̀ ojú omi ní, "Ìyàwó, ẹ kú àṣẹ̀yìndè Bàbá." Obìnrin tó ń ta àgbọn ní, "Ìyàwó wa ti dé!" Ṣẹ́gun fi pátákó sílẹ̀, ó wá pàdé mi, ó kí mi, àmọ́ kò bá mi sọ̀rọ̀ kankan títí ó fi mú mi dé ọ̀dọ̀ Màmá Sẹ̀nàmi. Màmá ti gbé ẹja àti gààrí sílẹ̀.

"Jẹun ná," wọ́n ní. "Bàbá ẹ ní ká má bá ẹ sọ̀rọ̀ gidi kí o tó jẹun. Wọ́n ní tí ebi bá ń pa ẹ́, o ò mọ èèyàn."

Wọ́n tún ní Bàbá ti sọ fún gbogbo ìlú pé mi ò lè jí ní kùtù, pé mo máa ń sọ̀rọ̀ sókè tí mo bá wà nídìí kọ̀ǹpútà, pé tí mo bá ń bínú kí wọ́n fi mí sílẹ̀, màá fúnra mi wá tọrọ àforíjì. Gbogbo Satidé yẹn, mo rò pé ìlú ni wọ́n ń wádìí. Èmi ni wọ́n ń ròyìn fún ìlú. Ẹkún gbọ̀n mí, ṣùgbọ́n mo rántí ìdí tí mo fi wá, mo sún abọ́ náà síwájú.

"Ẹ ṣeun, Màmá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni."

Màmá Sẹ̀nàmi bú sẹ́rìn-ín. "Irọ́ tí Bàbá ẹ máa ń pa fún mi náà nìyẹn, kó tó di pé òkun gba fìlà wọn."

"Kó tó dìgbà yẹn?"

"Satidé tó tẹ̀ lé e, wọn ò tíì jókòó tí wọ́n fi ní, 'Ìyá, ẹja dà?' Látọjọ́ náà, mi ò lè ka iye tí wọ́n jẹ."

Mo di abọ́ náà mú. "Màmá, ẹ ní Bàbá jẹun níbí?"

Wọ́n wò mí, ẹ̀rín kúrò lójú wọn díẹ̀díẹ̀. "Wọ́n ní kí n má tíì sọ fún ẹ ni. Wọ́n ní tó o bá mọ̀, wàá kó wá kíá, àwọn ò sì ní rí ohun tí àwọn á tún máa wá ṣe níbí mọ́. Mo ní, ṣebí ẹ lè wá kí i. Wọ́n wá ní ọjọ́ Àìkú ní Sùúrùlérè á gùn jù, ká jẹ́ kó ṣe díẹ̀ sí i."

Mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì, bóyá òkun ni Bàbá ò fẹ́ fi sílẹ̀ àbí èmi. Mo fi ẹkún jẹ ẹja náà tán, mo fa egungun rẹ̀ lá. Lẹ́yìn náà ni mo lọ dúró sídìí igi àgbọn tí Alhaji bú, mo pe Màámi.

"Màámi, Bàbá jẹun níbí."

"Kí lo sọ?"

"Wọ́n jẹ ẹja Màmá Sẹ̀nàmi. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì."

Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni mo gbọ́ lóhùn Màámi àbí ẹkún. "Ẹ wo bàbá yìí! Wọ́n ti gbà látọjọ́ yìí, wọ́n ń jẹ́ kí n máa fi opó olópó ṣe ọ̀tá!" Wọ́n fọn imú. "Ṣé bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, àbí kí o gbé fóòmù ẹ lọ?"

Àwọn àgbà ní bí ojú bá mojú tán, alárinà á yẹ̀ba. Bàbá ti yẹ̀ba. Mo kó ẹrù mi ní Yábàá, Alhaji bá mi so fóòmù, wọ́n ń bú ìlú náà bí wọ́n ṣe ń so ó. Ọkọ̀ ojú omi ò gbéra títí ó fi kún, oòrùn sì ti ń wọ̀ nígbà tí a gúnlẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú fóòmù lórí, mo rí Màmá Sẹ̀nàmi tí wọ́n ti ń dúró létí omi, bóyá láti ọ̀sán. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n láti òkèèrè pé ọkọ̀ ló fà á. Wọn ò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi. Wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sí mi bí ẹni tó ti òkè òkun dé.

"O kú ọjọ́ mẹ́ta, ìyàwó!" wọ́n ní. "Bàbá ẹ ní ká máa kí ẹ bẹ́ẹ̀ tó o bá pẹ́ dé. Àwọn tó o fi sílẹ̀ lọ́hùn-ún ńkọ́?"

Mo gbé fóòmù sílẹ̀ lórí iyanrìn, mo kúnlẹ̀.

"Wọ́n ń sinmi, Màmá," mo ní.